Ìdí Tí N Kò Fi Fẹ́ Kí Ọmọ Mi Fẹ́ Asenath Pickering

N kò fẹ́ràn Asenath Pickering. Kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà rò pé ìyá ọkọ rere kan ló ń bá ọ sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tó ti gbé àpótí rẹ̀ wọ abúlé wa, Elm Run, láti wá kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé ni ara mi ti kọ̀ ọ́. Ó ga jù. Ẹ̀rín rẹ̀ pọ̀ jù. Tádàá kì í sì í kúrò ní ìka rẹ̀, bí ìgbà tó jẹ́ pé ó fi ń wẹ̀.

Mo ń pè ọ́ ní "ìwọ", má bínú. Àwa Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́, bí ìjọ wa ṣe ń jẹ́, kì í pe ẹnì kan ṣoṣo ní "ẹ̀yin". Gómìnà dé o, ìwọ ni. Ọmọ ọwọ́ dé o, ìwọ ni. A kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni, a kì í búra, a kì í sì í purọ́. Èyí tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn ló kó bá mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Enos, tó ń kan àga. Bàbá rẹ̀ ti kú, èmi àtòun la jọ ń gbé. Kì í sọ̀rọ̀. Tó bá sọ gbólóhùn mẹ́ta lóòjọ́, á jẹ́ pé ilé ń jó. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó jókòó ti oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ kalẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé.

"Ìyá, o mọ olùkọ́ tuntun yẹn? Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lónìí. Ó ní kí n bá òun kan tábìlì tí òun á máa kọ̀wé lórí rẹ̀. Mo ní kí ló ń kọ. Ó ní ìtàn. Mo ní ìtàn ta ni. Ó ní ìtàn àwọn ènìyàn tí kò sí."

"Ìtàn àwọn tí kò sí? Irọ́ nìyẹn."

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ kà á ná, kí n tó pe òun lópùrọ́."

"O sì kà á?"

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Etí rẹ̀ pọ́n. "Ẹ̀ẹ̀mejì," ló wí.

Ìwé ìròyìn kan ní Sinsinátì ló ń tẹ ìtàn náà jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtàn obìnrin kan ni, Dorcas, ẹrú tó sá kọjá odò, tó ń wá ọ̀nà Kánádà. Nígbà yẹn, òfin tuntun ti dé pé kí gbogbo wa máa bá àwọn ọdẹ ẹrú mú ẹni tó bá sá. Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ rí ìtàn àròsọ sójú, ṣùgbọ́n torí pé ọ̀rọ̀ ẹrú ló dá lé, wọ́n mójú kúrò. Má ṣì mí gbọ́ o: èmi náà kórìíra òwò ẹrú. Òwú tí ẹrú gbìn kò kan ara mi rí. Ṣúgà tí mo ń jẹ, oje igi inú igbó mi ni mo fi ń sè é. Gbogbo Elm Run ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún mi.

Ní oṣù kejìlá, àwa obìnrin kóra jọ sílé Huldah, àbúrò ọkọ mi, láti rán aṣọ fún àwọn tó ń sá bọ̀. Ilé rẹ̀ ni Asenath wọ̀ sí. Asenath wà nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ni Huldah bá mú ìwé ìròyìn, ó ń kà á fún wa bí a ti ń ránṣọ.

"'Dorcas kan ilẹ̀kùn,'" Huldah ń kà, "'onílé kò ṣí i. Fèrèsé ló ṣí, ìwọ̀n ọwọ́ kan péré, ó na búrẹ́dì síta. Ó ní, Ọlọ́run á bá ọ lọ. Ó sì pa fèrèsé dé.'"

"Irú obìnrin burúkú wo rèé!" Rhoda Teague, akọ̀wé ìpàdé àwa obìnrin, ju aṣọ sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n pe ìyẹn? Nínú tiwa?"

"Ọlọ́run á bá ọ lọ!" Huldah fi imú sọ ọ́, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Abẹ́rẹ́ wọ àtàǹpàkò mi. N kò lè rẹ́rìn-ín, n kò sì lè gbójú sókè, torí èmi ni obìnrin yẹn.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá. Òwúrọ̀ ni, ní oṣù kẹta. Ọkọ mi gbé àgbàdo lọ sí ọlọ, Enos wà nílé ẹ̀kọ́. Obìnrin kan tó wọ kóòtù ọkùnrin wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rin gbingbin. Ẹ̀rù bà mí. N kò ṣílẹ̀kùn. Mo fún un ní búrẹ́dì lójú fèrèsé, mo nawọ́ sí oko kan níwájú, mo ní Ọlọ́run á bá a lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, a gbọ́ pé wọ́n ti mú un létí odò. N kò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Báwo ni ọmọbìnrin yìí ṣe wá mọ̀? Mo rò ó títí orí ń fọ́ mi. Ṣé Huldah ló rí mi lọ́jọ́ náà? Àbí Enos ló yà sílé láìjẹ́ kí n mọ̀? Ohun tí mo gbà lọ́kàn ni pé ó ti tú àṣírí mi síta fún gbogbo ayé, ó sì tún fẹ́ gba ọmọ mi lé e. Háà! Ojú burúkú ni mo fi ń wò ó láti ìgbà náà.

Ní oṣù kejì tí oje igi ń sun, Asenath wá bá Enos ru garawa nínú igbó wa. Mo wà lẹ́yìn ààrò tí mo ti ń sè é, wọn kò rí mi.

"Ìwọ tí o máa ń sùn nípàdé," ohùn Asenath, "o ní o ka gbogbo rẹ̀?"

"N kì í sùn. Mo máa ń dijú ni, kí n má baà máa wo ọ̀dọ̀ ìjókòó àwọn obìnrin."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ."

Garawa kan ṣubú. Lẹ́yìn náà Asenath ní, "Enos, obìnrin tó ń kọ̀wé kì í rántí oúnjẹ lórí iná. Ìtàn yìí ò sì ní tán. Tí mo bá parí ọ̀kan, n óò bẹ̀rẹ̀ òmíràn, títí wọ́n á fi dá ẹrú tó kẹ́yìn sílẹ̀."

"Mo mọ ẹ̀wà sè," ni ọmọ mi wí.

Ṣé o gbọ́? Ọmọ tí mo bí! Àyà mi já, kì í ṣe torí ẹ̀wà. Mo gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ pé ó ti lọ.

Huldah ni wọ́n rán sí mi. Ó jókòó, ó ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Mahala, wọ́n ní kí n wá bi ọ́."

"Sọ fún wọn pé mo kọ̀."

"O ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n bi ọ́!"

"Mo ti gbọ́ nínú igbó. Mo kọ̀."

"Kí ni ọmọbìnrin náà fi ṣe ọ́? Ó ń gbàdúrà, ó ń ṣiṣẹ́, kò tíì rí ọkùnrin mìíràn bá tage. Àbí ọjọ́ orí rẹ̀ ni? Ọdún méjì péré ló fi ju Enos lọ."

"Kò sí ohun tó fi ṣe mí. Òpùrọ́ ni."

"Ìwọ náà, Mahala! Wọ́n fún ọ ní oyin, o ní ó dùn jù."

Wọn kò fi tèmi ṣe. Ní ìpàdé oṣù kẹta, Enos àti Asenath wọlé sí ọ̀dọ̀ àwa obìnrin. Pákó ló pín ilé ìpàdé wa sí méjì, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbéyàwó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lápá méjèèjì, kí ó sì padà wá sọ ọ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Enos dúró, ó ní òun àti Asenath Pickering fẹ́ di tọkọtaya bí Olúwa bá fẹ́. Asenath náà wí bẹ́ẹ̀. Rhoda kọ̀wé síwèé, ó ní, "Àwọn òbí Asenath ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn gbà. Mahala Coppock, ìwọ ń kọ́?"

"N kò gbà. Irọ́ ló ń kọ tà. Ẹni tó ń purọ́ kò yẹ nílé mi."

Enos wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí. Rhoda ní òun àti arábìnrin kan yóò wá wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ọ̀nà wa nìyẹn.

Wọ́n dé lọ́sẹ̀ kejì. Enos ń fá igi lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀.

"Mahala," ni Rhoda wí, "apá ibo nínú ìtàn náà ló jẹ́ irọ́?"

"Apá fèrèsé."

"Ṣé o lè dìde nípàdé kí o sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín wa?"

Kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀? Ìgbà yẹn ni mo máa wá purọ́ níwájú Ọlọ́run. Kí n sọ pé n kò lè sọ ọ́, àṣírí mi tú.

"N óò fèsì ní ìpàdé tó ń bọ̀," ni mo wí.

Bí wọ́n ti lọ, Enos wọlé, èérún igi kún irun rẹ̀. "Ìyá, tí o bá tún kọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, a óò fẹ́ ara wa níwájú adájọ́."

"Wọ́n á yọ ọ́ lẹ́gbẹ́!"

"Kí wọ́n yọ mí. Mo ti gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Èyí, rárá."

Ara mi kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo wọ bóńẹ́ẹ̀tì mi, ó di ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ti lọ. Asenath nìkan ló jókòó síbi tábìlì tí ọmọ mi kàn, kò tilẹ̀ dìde.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni mo bi í.

"Sọ kí ni fún mi?"

"Má fi mí ṣe òmùgọ̀! Ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ta ló rí mi?"

Ó kàn ń wò mí, ojú rẹ̀ sì ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ó ṣí àpótí tábìlì, ó kó ìdì lẹ́tà kan jáde, ó tò wọ́n síwájú mi.

"Méjìlá ni," ó wí. "Láti ọwọ́ àwọn Ọ̀rẹ́ tó ka ìtàn náà ní ìlú méjìlá, Ohaio, Pẹnsilfénià, Indiana tiwa yìí. Gbọ́ ọ̀kan. 'Asenath Pickering, ta ló sọ fún ọ? Kò sẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà. O ti bà mí lórúkọ jẹ́.' Èyí ní òun á pè mí lẹ́jọ́. Èyí ní fèrèsé kọ́, ẹnu ọ̀nà àká ni. Mẹ́ta nínú wọn ní ẹni tó bá tún kan ilẹ̀kùn àwọn, àwọn á ṣí i." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí wọn. "Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi, Mahala. Mo jókòó, mo ronú ohun tí ẹ̀rù lè mú obìnrin rere ṣe, mo sì kọ ọ́. N kò mọ nǹkan kan nípa rẹ. Ìwọ lo fẹsẹ̀ ara rẹ wá."

Ilẹ̀ kò là kí n wọlé sínú rẹ̀. Èmi tí mo pè é lópùrọ́, èmi gan-an ni mo wá fi ẹnu ara mi rojọ́ ara mi.

"Kí ni orúkọ rẹ̀?" ó bi mí.

"Orúkọ ta ni?"

"Obìnrin náà."

"N kò bi í."

Asenath dìde, ó lọ dojú kọ ògiri. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le. "Èmi náà kọ̀ wàyí. N kò lè wá máa jẹun nídìí tábìlì rẹ. N óò sọ fún Enos pé n kò ṣe mọ́. N kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àṣírí rẹ ni, ìwọ ni kí o máa gbé e."

Ohun tí mo fẹ́ láti oṣù kejìlá rèé: kó fi ọmọ mi sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Mo rí méjèèjì gbà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo ń lọ sílé, inú mi ò sì dùn rárá.

Enos kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún. Ó ń kan àga, ó ń tú u, ó tún ń kàn án. Kì í jẹun. Ní ọjọ́ kẹfà ó jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá, ìwọ mọ àwọn obìnrin. Kí ni mo fi ṣe é? Mo ti wá gbogbo ara mi wò, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Ṣé mo dijú jù ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni ọmọ mi ń wá kiri lára ara rẹ̀. Tí mo bá dákẹ́, á máa wá a títí tó fi máa darúgbó. Tí mo bá sọ, á mọ irú ẹni tó bí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ kan ilẹ̀kùn Huldah. Asenath ló ṣí i.

"Mú kálámù rẹ," ni mo wí. "Làkúrègbé ti ká ìka mi kò, n kò lè kọ̀wé gígùn mọ́. Mo fẹ́ kọ ìwé ìdálẹ́bi ara mi."

Láàárín wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ á kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, á sì dìde dúró nípàdé nígbà tí wọ́n bá ń kà á, kí gbogbo ojú máa wò ó.

Ó ń wò mí tìfura-tìfura. "Kí ló dé tí o kò lọ bá Rhoda?"

"Rhoda á bomi là á. Ìwọ kò fẹ́ràn mi. O ò ní yọ nǹkan kan kúrò."

"Òótọ́ ni," ó ní, ó sì fa tádàá mọ́ra.

"Kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà mí, torí àwọn ọdẹ ẹrú wà lójú ọ̀nà."

"Lọ́jọ́ náà gan-an?"

"Lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀."

"Ọjọ́ tó ṣáájú ni n óò kọ nígbà náà."

"Ọmọ yìí, o le o!"

"Bí a bá ń sunkún, Mahala, à á máa ríran. Máa bá a lọ."

"Mo fún un ní búrẹ́dì gbígbóná."

"Gbígbóná kọ́ ni wọ́n bi ọ́."

"Ó gbóná!"

"Ó dáa, ó gbóná. Lẹ́yìn náà?"

Mo wo ilẹ̀. Ohun tí n kò tíì sọ fún ìwọ náà rèé. "Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun kan ni mo fi di búrẹ́dì náà. Ìyá mi ló hun ún. Obìnrin náà gbà á, ó yíjú, ó ti rìn tó ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Mo pè é padà. Mo ní kó dá aṣọ mi padà fún mi."

Kálámù dúró.

"Ó padà wá. Ó tú búrẹ́dì sí ọwọ́ lásán, ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin dáadáa, ó gbé e sójú fèrèsé. Ó ní, 'Ẹ ṣé, mà.'"

Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí ẹni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbójú sókè. Omi ń bọ́ lójú Asenath Pickering, ó ń bọ́ sórí tádàá, ọ̀rọ̀ ń pa rẹ́.

"Irọ́ ni mo ń hùmọ̀ látàárọ̀ dalẹ́," ó wí, "n kò lè ronú kan èyí láé." Ó fa ìwé náà ya, ó mú òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìpàdé oṣù kẹrin, mo ní kí wọ́n gbé pákó àárín sókè kí àwọn ọkùnrin lè gbọ́. Rhoda ń kà á. Mo dúró. Huldah bo ojú. Nígbà tó dé ibi aṣọ, Enos dìde ní ìjókòó tirẹ̀, ó sì jáde.

"Ọ̀rọ̀ irọ́ tí o fi kan Asenath ń kọ́?" Rhoda bi mí.

"Kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo gbà kí wọ́n fẹ́ ara wọn, bí wọ́n bá ṣì fẹ́."

Asenath dìde. "N kò rí ohun tó dí mi lọ́nà láti fẹ́ ọmọ obìnrin yìí," ó wí. Ó sì jáde lọ bá Enos.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìparí oṣù karùn-ún. Fún gbogbo ọ̀sẹ̀ márààrún tó wà láàárín, ilé Huldah ni Enos ti ń jẹun, kò bá mi sọ̀rọ̀. Asenath ló ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún mi: Enos ní igi òun kù lẹ́yìnkùlé, Enos ní kí o má gbé garawa wúwo. N kò tíì fẹ́ràn rẹ̀, má ṣe àṣìṣe. Ọbẹ̀ rẹ̀ kò níyọ̀, ó sì máa ń dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n tó bá wá, ó máa ń jókòó kó tó lọ.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà wọ́n dìde láàárín wa, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sọ ẹ̀jẹ́ wọn láìsí àlùfáà, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Wọ́n gbé ìwé ìgbéyàwó sórí tábìlì kí gbogbo ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Àwọn òbí ló máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ. Mo jókòó sẹ́yìn, n kò dìde. Enos fọwọ́ bo àyè tèmi, ó ní kí àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló kọ orúkọ.

"Mahala Coppock!" ohùn ìyàwó ló pariwo bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìpàdé. "Àyè rẹ ṣófo. Ṣé kí n máa gbé tádàá dúró títí ọ̀la ni?"

Mo lọ. Ìka mi ń ro mí, ó pẹ́ kí n tó kọ orúkọ mi tán, ó sì wọ́. Enos dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò wò mí. Ó bu iyanrìn díẹ̀ nínú àwo, ó rọra wọ́n ọn sórí orúkọ náà kí tádàá rẹ̀ má baà fà, ó fẹ́ ẹ dànù, ó tún wọ́n òmíràn sí i. Mo padà lọ jókòó.